Bí Ẹ Ṣe Lè Lo Ìlànà Lean ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga: Ẹ Tẹ̀lé Fọ́ọ̀mù Kan Dé Òpin

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo ń bá pàdé nílùú Abẹ́òkúta ń bi mí ṣáá, ì báà jẹ́ akọ̀wé ẹ̀ka ní Àlàbàtà, ì báà jẹ́ olùkọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ tàbí ọ̀gá ọ́fíìsì ní Ojẹ́rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́ nípa ìlànà ìṣàkóso tí wọ́n ń pè ní Lean, pé ilé-iṣẹ́ Toyota tó ń ṣe mọ́tò ní ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti kọ́ ọ. Báwo wá ni àwọn ṣe fẹ́ lò ó níbi tó jẹ́ pé ìwé, ìdánwò àti ọmọ ọlọ́mọ ni iṣẹ́ àwọn? Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí lẹ́nu ọ̀nà, nínú ọkọ̀ àti lórí fóònù títí, nítorí náà mo tò ó sílẹ̀ síbí ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ lè bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní í pìtàn. Ohun tí Lean bèèrè lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ fi ojú ẹni tó ń dúró de àbájáde iṣẹ́ yín wo iṣẹ́ náà, kí ẹ ya ohun tó ń ṣe ẹni náà láǹfààní sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó kàn ń jẹ ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa yọ èyí tó ń jẹ ọjọ́ náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo ti rí lọ́pọ̀ ìgbà ni pé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni iṣẹ́ gan-an ń gbà. Jíjókòó tí ìwé ń jókòó lórí tábìlì ló ń gba ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá di ọ̀rọ̀ yìí mú, gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù yóò yé yín.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ rí i pé nǹkan wọ̀nyí wà nílẹ̀:

- Ọ̀gá kan tó ní àṣẹ lórí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ tún ṣe, tó sì ti gbà tọkàntọkàn pé kí ẹ ṣe é.
- Ẹnì kan láti inú ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan tí ìwé náà ń gbà kọjá. Ẹni tó ń fọwọ́ kan ìwé gan-an ni kí ó jẹ́, kì í ṣe aṣojú tó ń gbọ́ ròyìn.
- Wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ẹ kò ní í fi ṣe nǹkan mìíràn.
- Ìwé àjákọ, pẹ́ńsù, aago, àti ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ẹ lè lẹ̀ mọ́ ògiri.
- Ìlérí láti ẹnu ọ̀gá, níwájú gbogbo ènìyàn, pé iṣẹ́ kò ní í bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí ohun tí ẹ bá rí.

Ẹ má fi ìlérí tó kẹ́yìn yìí ṣeré. Òṣìṣẹ́ tó bá rò pé wọ́n fẹ́ fi òun hàn yóò fi òtítọ́ pa mọ́, ẹ ó sì máa ya àwòrán iṣẹ́ tí kò sí. Bákan náà, kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀ kankan, ẹ lọ bá àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ní yunifásítì, ASUU, SSANU àti NASU ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboníṣe, ASUP wà níbẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, COEASU. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín, wọn yóò tì yín lẹ́yìn; bí wọ́n bá gbọ́ ọ níta, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọn yóò gbọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ìgbìmọ̀ jókòó, kí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún gbogbo ọ́fíìsì Rẹ́jísírà ṣe. Iṣẹ́ náà á tóbi títí yóò fi rẹ̀ wọ́n. Ẹ mú èyí tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tó hàn, tó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, tí ariwo rẹ̀ sì pọ̀ létí yín: clearance àwọn tó ń jáde (gbígba ìbuwọ́lù ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan pé akẹ́kọ̀ọ́ kò jẹ gbèsè kankan), ìbéèrè fún transcript (àkọsílẹ̀ gbogbo èsì akẹ́kọ̀ọ́), ṣíṣe àkójọ èsì ìdánwò, ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ sáà, tàbí lẹ́tà SIWES, ìyẹn ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ ó mú, ẹ mú clearance, òun náà ni mo sì máa fi ṣe àpẹẹrẹ láti ibí lọ. Ìdí ni pé NYSC, ètò àgùnbánirọ̀, ń kó àwọn ọmọ lọ ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí lọ́dún, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì bá ìsọ̀rí kan lọ yóò jókòó sílé de òmíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣòfò nínú ọ́fíìsì wa lè di oṣù mélòó kan nínú ayé ọmọ yẹn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tó fẹ́ gan-an

Ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tó ń ṣe clearance lọ́wọ́, ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kò sí èyí tí yóò sọ pé ìbuwọ́lù méje ni òun ń wá. Wọn yóò ní àwọn fẹ́ kí orúkọ àwọn wọ inú àkójọ tí Sẹ́nẹ́ètì, ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì lórí ẹ̀kọ́, fọwọ́ sí, kí àwọn gba ìwé ẹ̀rí, kí àwọn máa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn ọ́fíìsì léèrè. Ilé ìkàwé fẹ́ kí ìwé rẹ̀ padà, ọ́fíìsì owó fẹ́ mọ̀ pé kò sí gbèsè, ẹ̀ka fẹ́ mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti yege gbogbo iṣẹ́ tó yẹ. Ìwọ̀nyí jẹ́ ohun tó tọ́. Ohunkóhun tí kò bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́ láǹfààní, tí kò sì dáàbò bo ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kọ àmì ìbéèrè sí i lára. Ìbéèrè tí mo máa ń lò ni pé: bí a bá yọ èyí kúrò lónìí, ta ni yóò mọ̀ kí oṣù yìí tó parí?

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé ìwé náà

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má jókòó sí yàrá ìpàdé kí ẹ máa ro bí ìwé ṣe ń rìn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo tẹ̀lé fọ́ọ̀mù ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní Láfẹ́nwá. Ó fi fọ́ọ̀mù náà sínú fáìlì ọ̀rá kí òjò má baà pa á, igun rẹ̀ kan ti ká, òǹtẹ̀ àkọ́kọ́ sì ti ń ṣá. Ní ọ́fíìsì kejì, akọ̀wé gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín, ó kì í sábẹ́ òkìtì ìwé tó ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ó ní kí ó padà wá lọ́jọ́bọ̀ nítorí pé ọ̀gá kò sí lórí ìjókòó. Ọmọ náà padà wá ní Ọjọ́bọ̀, ó wá ní Ẹtì, ó tún wá ní Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo dúró ti ọ̀gá náà bó ṣe mú fọ́ọ̀mù yẹn: ó wo orúkọ, ó wo nọ́ḿbà, ó buwọ́ lù ú, ó tẹ òǹtẹ̀. Aago ọwọ́ mi ka ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Ìgbà mẹ́rin ni ọmọ yẹn wọkọ̀ láti Láfẹ́nwá nítorí ogójì ìṣẹ́jú àáyá, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò lára mi títí di òní. Kò sí ọ̀lẹ nínú ọ́fíìsì yẹn o. Àárọ̀ ni akọ̀wé yẹn ń dé, kò sì ráyè jẹun ọ̀sán. Bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà ni kò dára.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí:

1. Ẹ lọ ní àkókò tí èrò pọ̀, ẹ má lọ nígbà tí gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́.
2. Ẹ tẹ̀lé fọ́ọ̀mù mẹ́ta: ti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ìṣòro kankan, ti ẹni tó jẹ gbèsè ìwé tàbí owó, àti ti ẹni tó kó iṣẹ́ wá láti ẹ̀ka mìíràn. Ẹni tí kò ní ìṣòro nìkan yóò tàn yín jẹ.
3. Ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ àkókò mẹ́rin: ìgbà tó dé, ìgbà tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ìgbà tó parí, ìgbà tó jáde.
4. Ẹ bi òṣìṣẹ́ pé, "Kí ló máa ń dá iṣẹ́ yìí dúró mọ́ yín lọ́wọ́?" Ẹ má bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ fi pẹ́?" Ọ̀kan ń la ẹnu, èkejì ń pa á dé.
5. Ẹ má tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kàn wò, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ya ọ̀nà náà sára ògiri, ẹ sì ka ọjọ́

Ẹ ya àpótí kan fún ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan lórí ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Lábẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ḿbà mẹ́ta: ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ gan-an gbà, ọjọ́ tí ìwé fi dúró, àti iye tí wọ́n ń dá padà nínú ọgọ́rùn-ún.

Ká sọ pé ọ́fíìsì márùn-ún ni, tí iṣẹ́ gba ìṣẹ́jú 10 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìwé sì dúró fún ọjọ́ 4 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ jẹ́ ìṣẹ́jú 50. Ìdúró jẹ́ ọjọ́ 20. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá wá ra kọ̀ǹpútà tuntun tó sọ ìṣẹ́jú 10 di 5, ìṣẹ́jú 25 péré ni akẹ́kọ̀ọ́ jèrè nínú ọjọ́ 20. Èyí ni ìdí tí owó ńlá tí a ń ná sórí ẹ̀rọ kì í fi í hàn lára ẹni tó wà lórí ìlà.

Ìṣirò méjì mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe, nítorí pé wọ́n máa ń la ojú ọ̀gá ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Èkíní ni ti òkìtì. Ẹ ka iye ìwé tó wà lórí tábìlì, kí ẹ fi iye tó ń jáde lójúmọ́ pín in. Bí fọ́ọ̀mù 120 bá wà nílẹ̀, tí 10 sì ń jáde lójúmọ́, ẹni tó bá dé lónìí yóò dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ 12, kódà bí òṣìṣẹ́ náà bá ń sáré bí ẹṣin. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè yí i padà àfi kí òkìtì náà dín kù tàbí kí iye tó ń jáde pọ̀ sí i.

Èkejì ni ti àṣìṣe. Bí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan nínú márùn-ún bá ń gba 90 láyè nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì ń dá 10 padà, gbogbo wọn yóò máa yin ara wọn pé àwọn ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún fọ́ọ̀mù, bíi 59 péré ni yóò la márààrún já láì padà sẹ́yìn rárá. Àwọn 41 tó kù ni wọ́n ń kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín láràárọ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ pe ìfiṣòfò ní orúkọ rẹ̀

Oríṣi mẹ́jọ ni àwọn tó ń lo Lean máa ń kà. Ẹ wá wọn lórí àwòrán yín.

- *Ìdúró.* Òun ló pọ̀ jù nílé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìdúró ni òfò. Nígbà tí aláró ní Ìtòkú bá yọ aṣọ nínú ìkòkò tó sì nà án sí atẹ́gùn, aṣọ náà ń dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn yẹn ló ń sọ ọ́ di dúdú aró, ìdúró náà jẹ́ ara iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbéèrè ìdánwò tó wà lọ́dọ̀ aṣàyẹ̀wò láti ìta. Fọ́ọ̀mù tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kò gba àwọ̀ kankan.
- *Àṣìṣe àti àtúnṣe.* Nọ́ḿbà mátíríìkì tí wọ́n kọ ṣì, èsì tí wọ́n tẹ̀ sí abẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, máàkì tó sọnù. Àtúnṣe kan lè gba ìlọ́po àkókò tí ìbá gbà ká ní wọ́n ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ tún gba ọwọ́ olùkọ́, olórí ẹ̀ka àti ìgbìmọ̀ kọjá.
- *Iṣẹ́ àṣejù.* Ìbuwọ́lù mẹ́ta tó ń sọ ohun kan náà. Fọ́tòkọ́pì rìsíìtì tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà.
- *Òkìtì.* Ohunkóhun tí a kó jọ tí a kò tíì ṣe.
- *Gbígbé ìwé kiri* láti ilé kan dé èkejì, àti *ìrìnkèrindò ènìyàn* tó ń wá òǹtẹ̀, fáìlì tàbí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ sílé.
- *Ṣíṣe jù tàbí ṣíṣe ṣáájú àkókò*, bí ìwé ìtọ́nisọ́nà tí a tẹ̀ lọ́pọ̀ rẹpẹtẹ tí eku ń jẹ.
- *Ọgbọ́n tí a kò lò.* Akọ̀wé tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ogún ọdún mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi í rí.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ bèèrè ìdí títí ẹ ó fi kan ìsàlẹ̀

Fún ìṣòro méjì tàbí mẹ́ta tó tóbi jù, ẹ bèèrè "nítorí kí ni?" nígbà márùn-ún tàbí títí ìdáhùn yóò fi jẹ́ ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ yín tún ṣe.

Kí ló dé tí ọ́fíìsì owó fi dá fọ́ọ̀mù yìí padà? Nítorí pé rìsíìtì ọdún kejì kò sí níbẹ̀. Kí ló dé tí kò sí? Nítorí pé ó sọnù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀? Nítorí pé fọ́ọ̀mù ní kí ó mú un wá. Kí ló dé tí fọ́ọ̀mù fi sọ bẹ́ẹ̀? Nítorí pé nígbà tí wọ́n ṣe fọ́ọ̀mù náà, ìwé báńkì ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà. Ẹ wá rí i pé ìwé tó ti gbó ló ń dá ọmọ lóró, kì í ṣe àìbìkítà ọmọ. Bí ìdáhùn yín bá parí sí "àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní kò gbọ́ràn," ẹ kò tíì kan ìsàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gé e, ní ẹsẹẹsẹ yìí

Ẹ má fo ìkan kọjá, nítorí pé bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ṣe pàtàkì.

1. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Láti ọdún 2015 tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí owó àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ máa wọ àpò kan, orí ẹ̀rọ ìsanwó Remita ni ọ̀pọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti ń gbà. Nọ́ḿbà RRR, tó jẹ́ àmì ìdánimọ̀ ìsanwó, wà lórí ìsanwó kọ̀ọ̀kan tó gba ibẹ̀, ọ́fíìsì owó sì lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Kí ni fọ́tòkọ́pì wá ń ṣe níbẹ̀?
2. Ẹ yí ìbéèrè padà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Dípò kí ẹgbẹ̀ta akẹ́kọ̀ọ́ tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé láti gba ìwé pé àwọn kò jẹ gbèsè, ẹ jẹ́ kí ilé ìkàwé fi orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè ránṣẹ́ sí ẹ̀ka kí sáà tó parí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ ti bọ́. Ìlà á tán, ẹni tó jẹ gbèsè nìkan ni yóò wá, ó sì máa wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.
3. Ẹ so wọ́n pọ̀. Bí ọ́fíìsì méjì bá ń wo ohun kan náà, kí ọ̀kan wò ó fún àwọn méjèèjì.
4. Ẹ tún un tò. Ọ́fíìsì tí kò nílò ìdáhùn ọ́fíìsì mìíràn kí ó tó ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.
5. Ẹ mú un rọrùn. Ẹ yan ẹni tó lè buwọ́ lùwé nígbà tí ọ̀gá kò bá sí, kí lẹ́tà àṣẹ sì wà. Ẹ dá àkókò méjì lójúmọ́ fún ìbuwọ́lù, bíi aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago méjì ọ̀sán, kí òkìtì má baà sùn mọ́jú. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, láìwo ojú.
6. Ẹ wá gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ìkẹfà ni èyí wà, kì í ṣe àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gbé ọ̀nà wíwọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà wíwọ́ tó ń nílò iná àti íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ní.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ dán an wò níbi kékeré

Ẹ mú ẹ̀ka kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: "A rò pé ìdúró yóò wá sílẹ̀ láti ọjọ́ 20 sí ọjọ́ 8." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé fọ́ọ̀mù mẹ́ta. Bó bá dín kù, ẹ tẹ̀ síwájú sí ẹ̀ka kejì. Bí kò bá dín, ẹ ti rí ẹ̀kọ́ kọ́ láìná owó ńlá. Ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 6. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú lé yín wọ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì máa wò ó

Ọ̀nà tuntun náà gbọ́dọ̀ wọ ojú ìwé kan, ní èdè tí akọ̀wé tuntun lè kà kó sì ṣe. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ sì gbé pátákó kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ní ìlà mẹ́ta: tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó wà lọ́wọ́, tó ti parí. Láràárọ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, kí gbogbo ọ́fíìsì dúró níwájú pátákó náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ dúró o, ẹ má jókòó. Bí àga bá ti wọ ọ̀rọ̀, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè mẹ́ta péré: kí ló wà nílẹ̀, kí ló há, ta ni yóò tú u lónìí?

Fún àwọn olùkọ́: ìwé ìdánwò

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń máàkì igba ìwé tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì sórí kọ̀ǹpútà. Bí ìwé ìdáhùn tí wọ́n fi ń máàkì bá ní àṣìṣe, igba ìwé ni wọn yóò tún ṣe. Ẹ gbìyànjú báyìí:

1. Ẹ máàkì ìwé ogún, ẹ ro máàkì pọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kan náà.
2. Ẹ fi ìwé márùn-ún wé ohun tí ẹ tẹ̀ kí ẹ tó mú ogún mìíràn.
3. Ẹ kọ orúkọ tí kò ní ìwé, tàbí ìwé tí kò ní orúkọ, sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ìdánwò ẹ̀ka lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ó ṣì rọrùn láti wá a rí.

Bí ẹ bá ń kọ́ni, ẹ lè lò ó nínú kíláàsì pẹ̀lú: ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin sáà, ẹ pín ìwé pélébé, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun kan tó ń ràn án lọ́wọ́ àti ohun kan tó ń dí i lọ́nà. Ìbéèrè tí wọ́n ń bèèrè lẹ́yìn tí sáà parí kì í ṣe àwọn tó dáhùn rẹ̀ láǹfààní.

Ìkìlọ̀

- Ẹ má fọwọ́ kan ohun tí òfin ní kí ó wà. Sẹ́nẹ́ètì ní yunifásítì, tàbí Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù, ló ń fọwọ́ sí èsì. Ẹ lè mú kí ìwé tètè dé iwájú wọn, ẹ kò lè fò wọ́n kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àyẹ̀wò owó.
- Ẹ má tìtorí ìyára fi èsì àti orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sórí àwùjọ WhatsApp. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 dá yín lẹ́kun rẹ̀.
- Nígbà tí ẹ bá ń palẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mọ́, ẹ má da fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ kankan nù láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Rẹ́jísírà. Ẹni tó jáde ní ogún ọdún sẹ́yìn lè wá bèèrè transcript lọ́la.
- Àkókò tí òṣìṣẹ́ bá rí jèrè, ẹ má sáré fi iṣẹ́ mìíràn kún un. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ. Ìbọ̀wọ̀ fún ènìyàn jẹ́ ìdajì ìlànà yìí, ní Toyota pàápàá.

Bí ọ̀nà yìí kò bá ṣeé gbà fún yín

*Bí ọ̀gá kò bá gbà.* Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì tiyín. Ẹ ka iye ìwé tó wọlé àti iye tó jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ yí ohun kan tó wà lábẹ́ àṣẹ yín padà, kí ẹ tún kà á. Nọ́ḿbà yín ni kí ẹ gbé lọ bá ọ̀gá nígbà kejì, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ẹ tún wá ọ́fíìsì SERVICOM, ètò ìjọba tó ń rí sí bí iṣẹ́ ìjọba ṣe ń dé ọ̀dọ̀ aráàlú. Láti ọdún 2004 ni ètò náà ti wà, ìwé ìlérí iye ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò gbà sì jẹ́ ara ohun tó ń bèèrè. Ẹ gbé ìlérí yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí ẹ kà.

*Bí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì kò bá dúró.* Yàtọ̀ sí ohun tó jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà nínú Ìgbésẹ̀ 7, kò sí ìgbésẹ̀ kan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó nílò iná. Pátákó àti ẹfun tó.

*Bí àkókò kò bá sí rárá.* Ẹ fi ọ̀sán Ẹtì kan ṣe ọ́fíìsì yín ní ọ̀nà márùn-ún yìí: ẹ ṣa ohun tí ẹ kò lò kúrò, ẹ to èyí tó kù kí ọwọ́ lè tó o, ẹ nu ibẹ̀ mọ́, ẹ kọ orúkọ sára ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń gbé, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ìgbà tí ẹnì kan dìde láti wá fáìlì lọ́jọ́ Ajé. Nọ́ḿbà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sórí pátákó yín.